A kì í fárí lẹ́yìn olórí: bí àwọn adití ṣe kọ ọ̀gá tí wọ́n yàn fún fásitì wọn, lẹ́ẹ̀mejì

Ẹ jẹ́ ká bi ara wa ní ìbéèrè kan kí a tó bẹ̀rẹ̀. Bí ipò ìyálọ́jà bá ṣófo, tí àwọn kan tí kì í ná ọjà yín lọ jókòó sínú yàrá, tí wọ́n mú ẹnì kan tí kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú èdè tí ẹ fi ń tajà, tí wọ́n ní òun ni yóò máa parí ìjà yín, kí ni ẹ ó ṣe?

Ó ṣeé ṣe kí ẹ ti ní ìdáhùn sí ìyẹn. Ó dáa. Bí ó bá wá jẹ́ pé ọmọ ọjà yín gan-an ni wọ́n mú, tó gbọ́ èdè yín, tó ti bá yín ṣiṣẹ́ fún ọdún mélòó kan, ṣùgbọ́n tí ọ̀pọ̀ nínú yín kò fọkàn tán an ńkọ́? Ìyẹn kò rọrùn láti dáhùn.

Ohun méjèèjì yìí ló ṣẹlẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ní Amẹ́ríkà, ìyẹn fásitì Gallaudet ní ìlú Washington. Ti àkọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ ní 1988, èkejì ṣẹlẹ̀ ní 2006. Nínú méjèèjì, àwọn tó ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde níbẹ̀ wà lára àwọn tó dìde pé àwọn kò gbà. Ọ̀rọ̀ náà sì kàn wá níbí ju bí a ṣe rò lọ, nítorí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ yẹn kan ló la ọ̀nà ìwé kíkà fún ọ̀pọ̀ adití ní ilẹ̀ Benin àti Tógò. A ó dé ibẹ̀.

Ilé ẹ̀kọ́ tó di ìlú fún adití

Ní oṣù kẹrin ọdún 1864, nígbà tí ogun abẹ́lé ṣì ń jà ní Amẹ́ríkà, ààrẹ wọn, Abraham Lincoln, fọwọ́ sí òfin tó fún ilé ẹ̀kọ́ adití kan ní Washington láṣẹ láti máa fúnni ní oyè ilé ẹ̀kọ́ gíga. Edward Miner Gallaudet ni ọ̀gá àkọ́kọ́ níbẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ń gbọ́ràn, ṣùgbọ́n adití ni ìyá tó bí i. Èdè ọwọ́ ni wọ́n fi ń kọ́ni ní Gallaudet. Òun náà ni wọ́n fi ń ṣeré, tí wọ́n fi ń ṣàríyànjiyàn, tí wọ́n fi ń fẹ́ra.

Ilẹ̀ Faransé ni apá kan gbòǹgbò èdè ọwọ́ yẹn ti wá. Laurent Clerc, adití ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló bá baba Gallaudet yìí lọ sí Amẹ́ríkà ní 1816, wọ́n sì ṣí ilé ẹ̀kọ́ ní ìlú Hartford ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ìdí nìyẹn tí èdè ọwọ́ ti Amẹ́ríkà fi jọ ti Faransé ju bó ṣe jọ ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn tó ń gbọ́ràn ní Amẹ́ríkà ń sọ.

Kí a tó lè mọ ohun tó ń dun àwọn tó jáde níbẹ̀, a ní láti mọ ohun tí ilé ẹ̀kọ́ náà jẹ́ sí wọn. Ọ̀pọ̀ adití ni a bí sínú ilé tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ èdè ọwọ́. Ọmọ á jókòó sídìí oúnjẹ, gbogbo ilé á máa rẹ́rìn-ín, kò ní mọ ohun tí wọ́n ń rín. Ìgbà tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá dé Gallaudet ló tó máa bá ọ̀pọ̀ ènìyàn pàdé tí ọ̀rọ̀ wọn yé e láìsí ògbufọ̀. Ibẹ̀ ló ti ń rí ọ̀rẹ́, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń rí ọkọ tàbí aya. Bí ó bá gba ìwé ẹ̀rí tó sì jáde, kò jáde tán. Ibẹ̀ ti di ìlú rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá fi ṣe ọ̀gá níbẹ̀, lójú rẹ̀, ó ju olórí ilé ẹ̀kọ́ lọ. Ó dà bí ẹni pé wọ́n ń fi baálẹ̀ jẹ.

Ṣùgbọ́n nípa òfin, àwọn tó ti jáde kọ́ ló ń yan ọ̀gá, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tàbí olùkọ́. Ìgbìmọ̀ alákòóso ló ní àṣẹ náà. Wọ́n á gba ìwé àwọn tó fẹ́ ipò, wọ́n á yọ àwọn kan sẹ́yìn, wọ́n á fi ọ̀rọ̀ wá ìwọ̀nba tó kù lẹ́nu wò, wọ́n á sì kéde ẹni tí wọ́n mú. Ohun tí ẹni tó ti jáde ní lọ́wọ́ kò ju ohùn rẹ̀, owó tó ń dá fún ilé ẹ̀kọ́, àti ẹsẹ̀ tó fi lè rìn wá síbẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kan ní oṣù kẹta ọdún 1988

Láti 1864 títí di 1988 jẹ́ ọdún 124. Ọ̀gá mẹ́fà ló ti jẹ láàárín àkókò náà, gbogbo wọn ló ń gbọ́ràn. Nígbà tí ipò náà tún ṣófo, àwọn ọ̀dọ́ kan tó ti jáde ní ilé ẹ̀kọ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í pàdé. Wọ́n sọ ẹgbẹ́ wọn ní Pẹ́pẹ́yẹ. Wọ́n ní àwọn adití tó ti gba oyè dókítà nínú ìmọ̀ ti pọ̀ nílẹ̀, pé kò sí ìdí tí ẹnì kan nínú wọn kò fi ní jẹ. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta, wọ́n kó èrò jọ sí pápá ìṣeré ilé ẹ̀kọ́ láti sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹni mẹ́ta ló kù nínú àwọn tó ń du ipò náà. Harvey Corson àti I. King Jordan jẹ́ adití. Ẹnì kẹta, Elisabeth Zinser, ń gbọ́ràn, kò sì mọ èdè ọwọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹfà oṣù kẹta, ìgbìmọ̀ alákòóso kéde pé Zinser ni àwọn mú. Ènìyàn 21 ló wà nínú ìgbìmọ̀ náà, 4 péré nínú wọn ni adití.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn tó ti jáde fẹsẹ̀ rìn lọ sí òtẹ́ẹ̀lì tí ìgbìmọ̀ wà. Ọ̀rọ̀ kan tàn kálẹ̀ níbẹ̀ pé alága ìgbìmọ̀, Jane Bassett Spilman, sọ pé adití kò tíì múra tán láti ṣiṣẹ́ láàárín ayé àwọn tó ń gbọ́ràn. Obìnrin náà sẹ́. Ó ní ògbufọ̀ ló ṣi òun gbọ́. Ó lè jẹ́ òótọ́ ló ń sọ. Ṣùgbọ́n ó ti wà nínú ìgbìmọ̀ náà fún ọdún púpọ̀, kò sì mọ èdè ọwọ́. Bí ó bá mọ̀ ọ́n, kì bá ti sí ohun tí ògbufọ̀ fẹ́ ṣì gbọ́ láàárín wọn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ Ajé, wọ́n ti ti gbogbo ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ pa. Ohun mẹ́rin ni wọ́n béèrè: kí Zinser lọ kí adití sì jẹ ọ̀gá, kí Spilman fi ipò alága sílẹ̀, kí adití ju ìdajì lọ nínú ìgbìmọ̀, kí wọ́n má sì fìyà jẹ ẹnikẹ́ni tó bá wọn ṣe é. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin ló síwájú: Bridgetta Bourne, Jerry Covell, Greg Hlibok àti Tim Rarus. Lẹ́yìn wọn ni àwọn tó ti jáde, tí wọ́n ń wá láti ìpínlẹ̀ mìíràn, tí wọ́n ń dá owó, tí wọ́n sì ń bá àwọn oníròyìn sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ Ẹtì, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn rìn lọ sí ilé aṣòfin àgbà. Wọ́n mọ ìdí tí wọ́n fi lọ síbẹ̀: ìjọba Amẹ́ríkà ló ń san èyí tó pọ̀ jù nínú owó tí Gallaudet ń ná.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ọ̀rọ̀ fi yí. Zinser kọ̀wé fipò sílẹ̀. Ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù náà, Spilman náà lọ, adití kan, Philip Bravin, di alága ìgbìmọ̀, I. King Jordan sì di adití àkọ́kọ́ tó jẹ ọ̀gá Gallaudet.

Ẹ má rò pé Jordan wà pẹ̀lú wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ náà, ó kọ́kọ́ jáde sọ pé òun fara mọ́ Zinser. Ọjọ́ kejì ló yí i padà, tó ní òun wà lẹ́yìn àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Àwọn kan kò gbàgbé ìyẹn. Kò sì jẹ́ adití láti kékeré. Ẹni ọdún 21 ni nígbà tí jàǹbá alùpùpù sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ wọ́n gbà á, nítorí ó mọ èdè wọn, ó sì ti ń bá wọn gbé.

2006: adití ni, síbẹ̀ wọ́n kọ̀ ọ́

Jordan ṣe ọ̀gá fún ọdún 18. Nígbà tó fẹ́ fẹ̀yìn tì, ìgbìmọ̀ tún wá ẹlòmíràn. Ní ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún ọdún 2006, wọ́n kéde Jane Fernandes. Adití ni láti inú oyún wá, adití sì ni ìyá rẹ̀. Láti ọdún 2000 ló ti jẹ́ igbá-kejì ọ̀gá tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ ní Gallaudet kan náà. Jordan fúnra rẹ̀ fara mọ́ ọn. Ìgbìmọ̀ lè ti rò pé kò ní sí wàhálà.

Ọjọ́ náà gan-an ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pa àgọ́ sí ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́. Àwọn tó ti jáde wá bá wọn níbẹ̀, pẹ̀lú àwọn tó ti kópa ní 1988 tí irun wọn ti ń funfun báyìí. Olùkọ́ náà dìbò pé àwọn kò fọkàn tán ẹni tí wọ́n yàn.

Kí ló ń ṣe wọ́n? Ohun mẹ́ta ni a lè tọ́ka sí.

Èkíní ni bí wọ́n ṣe yàn án. Wọ́n ní ìgbìmọ̀ ti mọ ẹni tí wọ́n fẹ́ kí wọ́n tó ní kí àwọn ènìyàn wá sọ èrò wọn. Inú sì bí ọ̀pọ̀ wọn pé adití aláwọ̀ dúdú kan, tí ìwé rẹ̀ pé tí ìrírí rẹ̀ sì pọ̀, kò sí nínú àwọn mẹ́ta tó kù ní ìparí.

Èkejì ni iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Àwọn kan nínú olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ní bí ó ṣe darí ní ipò igbá-kejì kò fi àyè gba ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn. Ẹni tó ti ṣe ọ̀gá lórí rẹ fún ọdún mẹ́fà, kò sí ohun tí wọ́n fẹ́ fi bò ó fún ọ.

Ẹ̀kẹta ni ìbẹ̀rù nípa èdè. Sísọ̀rọ̀ lẹ́nu ni wọ́n fi tọ́ Fernandes dàgbà. Ó ti lé ní ẹni ogún ọdún kó tó kọ́ èdè ọwọ́. Lásìkò yẹn, ẹ̀rọ tí dókítà ń tẹ̀ sínú etí ọmọ kí ó lè máa gbọ́ ohùn ti ń pọ̀ sí i, iye ọmọ tí wọ́n ń kọ́ ní èdè ọwọ́ láti kékeré sì ń dín kù. Àwọn tó ti jáde wò ó pé bí Gallaudet náà bá dẹwọ́, ibo ni èdè náà máa kù sí?

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ti obìnrin náà. Ó ní àwọn kan ń wo òun bí ẹni tí dídití rẹ̀ kò tó. Ó ní ilé ẹ̀kọ́ náà gbọ́dọ̀ ní àyè fún gbogbo oríṣi adití: àwọn tí wọ́n bí sínú èdè ọwọ́, àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu, àti àwọn tó ní ẹ̀rọ nínú etí. Àwọn tó ń takò ó dáhùn pé kì í ṣe bí etí rẹ̀ ṣe rí ni àwọn ń bá jà, ìwà àti ọ̀nà tí wọ́n gbà yàn án ni. A kò lè sọ pé irọ́ ni ẹnikẹ́ni nínú wọn ń pa. Nínú èrò tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ohun tó mú ẹnì kan dé ibẹ̀ lè yàtọ̀ sí ohun tó mú ẹni tó dúró tì í dé.

Ní oṣù kẹwàá, ọ̀rọ̀ náà le sí i. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gba ilé ìkẹ́kọ̀ọ́ kan, wọ́n tún ti ẹnu ọ̀nà pa. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké tó wà nínú ọgbà kan náà tì pẹ̀lú. Ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù náà, Jordan pàṣẹ kí ọlọ́pàá kó àwọn tó dí ọ̀nà. Wọ́n mú ènìyàn tó lé ní 130. Ẹ wo bí ayé ṣe ń yí: ọkùnrin tí títi ilẹ̀kùn pa gbé dórí àga ní 1988 ni ó pàṣẹ kí wọ́n fi ọlọ́pàá ṣí ilẹ̀kùn ní 2006.

Nígbà tó di ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹwàá, ìgbìmọ̀ alákòóso fagi lé ìyànsípò Fernandes kí ó tó dé orí àga. Wọ́n pe Robert Davila, àgbà kan tó jẹ́ adití tó sì ti jáde ní Gallaudet, kí ó wá mú ilé ẹ̀kọ́ náà dúró.

Ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ wá

Ìṣẹ́gun 1988 so èso tí gbogbo ènìyàn rí. Ní 1990, Amẹ́ríkà ṣe òfin ńlá tó dáàbò bo ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara, ọ̀pọ̀ sì gbà pé ohun tí ojú àwọn aṣòfin rí ní Gallaudet wà lára ohun tó ti òfin náà síwájú. Láti ìgbà Jordan, kò sí ẹni tó ń gbọ́ràn tó tún jẹ ọ̀gá níbẹ̀. Ní 2016, Roberta Cordano di obìnrin adití àkọ́kọ́ tó darí rẹ̀.

Ti 2006 kò mọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ní 2007, àjọ tó ń yẹ àwọn fásitì wò fi Gallaudet sábẹ́ ìkìlọ̀, ó ní kí wọ́n tún ẹ̀kọ́ àti ìṣàkóso wọn ṣe. Odindi ọdún kan ni wọ́n fi ṣiṣẹ́ kí orúkọ wọn tó padà bọ̀ sípò ní 2008. Ìwé ẹ̀rí tó wà lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó ti jáde ni ìkìlọ̀ yẹn kàn, títí kan àwọn tó pa àgọ́.

Fernandes ńkọ́? Ó lọ sí ibòmíràn. Ní 2014, ilé ẹ̀kọ́ gíga Guilford ní North Carolina fi í ṣe ọ̀gá. Ibẹ̀ kì í ṣe ilé ẹ̀kọ́ adití, àwọn tó ń gbọ́ràn ló kún ibẹ̀. Zinser náà, ọdún kan péré lẹ́yìn tó kúrò ní Gallaudet ló di ọ̀gá fásitì ìpínlẹ̀ Idaho. Nítorí náà, a kò lè sọ pé ẹni tí ìlú kan kọ̀ kò wúlò. Ohun tí ìlú náà ń wá lọ́wọ́ rẹ̀ ni kò sí níbẹ̀.

Okùn tó so wọ́n mọ́ wa

A ti ní a ó dé ibẹ̀. Andrew Foster, ọmọ aláwọ̀ dúdú láti ìpínlẹ̀ Alabama, di adití nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 11, lẹ́yìn àìsàn kan. Òun ni wọ́n kà sí aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gba oyè ní Gallaudet, ní 1954. Ní 1957, ó ṣí ilé ẹ̀kọ́ adití ní Ghana. Ní 1960, ó ṣí òmíràn ní Ìbàdàn. Láti ibẹ̀ ló ti ń lọ káàkiri ilẹ̀ Áfíríkà, títí tó fi dá ilé ẹ̀kọ́ tó lé ní 30 sílẹ̀. Benin àti Tógò wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí iṣẹ́ rẹ̀ dé. Èdè ọwọ́ tó gbé wá láti Gallaudet ni ìyá èdè tí ọ̀pọ̀ adití tó lọ sí ilé ìwé níhìn-ín ń sọ lónìí. Ní oṣù kejìlá ọdún 1987, ọkọ̀ òfuurufú já pẹ̀lú rẹ̀ ní Rwanda, ó sì kú. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ yan adití ṣe ọ̀gá fún ìgbà àkọ́kọ́. Kò rí i.

Nínú ilé wa, ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì ń pe adití ní odi, bí ẹni pé kò lè sọ̀rọ̀. Àwọn òbí kan ń tọ́jú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ń rán àbúrò rẹ̀ lọ sí ilé ìwé. Bí a bá sì fẹ́ ṣe ìpinnu nípa rẹ̀, ìyá, bàbá, ẹ̀gbọ́n àti olùkọ́ á jókòó, wọ́n á sọ ọ́ tán. Òun nìkan ni wọn kì í bi. Ohun tí àwọn ará Gallaudet fi ọwọ́ wọn sọ ní 1988 ni pé kí ẹ má ṣe yan nǹkan fún àwọn láìbi àwọn. A kì í fárí lẹ́yìn olórí.

Ti 2006 fi ẹ̀kọ́ mìíràn kún un. Kò tó kí wọ́n mú ọmọ yín, ó ṣe pàtàkì kí ẹ rí bí wọ́n ṣe mú un. Ní Kétu, ìdílé tó ń jọba ju ẹyọ kan lọ, wọ́n sì ń jẹ ẹ́ kárí. Kì í ṣe pé ẹni tó bá jẹ á tẹ́ gbogbo ènìyàn lọ́rùn. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò dùn mọ́ nínú mọ ọ̀nà tí wọ́n gbà dé ibẹ̀, ó sì mọ̀ pé ti ilé tòun náà ń bọ̀. Níbi tí a kò bá ti mọ ọ̀nà, bí ẹni tí a mú bá tilẹ̀ dára, ìfura ni yóò fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Nítorí náà, bí ó bá kan ọjà yín, ẹgbẹ́ àwọn òbí ní ilé ìwé ọmọ yín, tàbí ilé ẹ̀kọ́ tí ẹ ti jáde, ẹ má dúró di ọjọ́ tí wọ́n kéde orúkọ. Ẹ béèrè nígbà tí ìgbìmọ̀ ṣì ń jókòó: ta ni ó wà nínú ìgbìmọ̀, mélòó nínú wọn ló ń gbé ohun tí a ń gbé, ta ni wọ́n yọ sẹ́yìn, kí sì nìdí rẹ̀? Ẹ̀yin tó sì wà nínú ìgbìmọ̀, ẹ dáhùn wọn nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣì tutù. Lẹ́yìn ìkéde, ilẹ̀kùn títì ni ó sábà máa ń kù, ilẹ̀kùn títì sì máa ń ká àwọn ọmọ kéékèèké mọ́.

Adití kì í pàtẹ́wọ́ bí a ṣe ń pa á. Ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n ń nà sókè, tí wọ́n ń gbọ̀n ọ́n. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí. Ní Gallaudet, ọwọ́ náà ni wọ́n fi sọ̀rọ̀.